ÌKỌ́ṢẸ́-GBOWÓ: BÍ Ọ̀DỌ́ TÍ Ń WÁ IṢẸ́ ṢE LÈ RÍ I, ÀTI BÍ Ó ṢE LÈ KỌ̀WÉ BÉÈRÈ FÚN UN



Bí ènìyàn bá gbọ́ pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ní Ìdànrè, ohun tí yóò máa retí ni ọ̀rọ̀ lórí òkè tí ó yí wa ká yìí, tàbí lórí ìwé ewì tí Wọlé Ṣóyínká fi orúkọ ìlú yìí pè ní ọdún 1967. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ìbá dùn ún sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni àwọn tí ó pè wá béèrè fún. Ohun tí wọ́n béèrè ni èyí: kí ni ọmọ tí ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ tí kò rí iṣẹ́ lè ṣe, kí ó lè rí ibi tí wọn yóò ti kọ́ ọ ní iṣẹ́, tí wọn yóò sì máa fún un ní owó díẹ̀ lóṣooṣù? Mo gbà láti dáhùn nítorí pé, nígbà tí mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, mo rí i pé ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Iṣẹ́ mi sì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń lò, ìkọ́ṣẹ́-gbowó, èmi ni mo so ó pọ̀ fún ìrọ̀rùn ìjíròrò wa. Ètò tí ó ní nǹkan mẹ́ta nínú ni mo fi ń pè: ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ wà ní ibi iṣẹ́ gan-an, kì í ṣe ní kíláàsì nìkan, àkókò tí yóò lò níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin, wọ́n sì ń san owó àjẹmọ́nú fún un. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, nǹkan mìíràn ni a ń sọ.

Ta Ni Ń Sanwó fún Ta?

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ti ìdílé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fín ẹwìrì fún baba rẹ̀, ọmọ àyàn ń ti ẹ̀yìn baba rẹ̀ gbọ́ ohùn ìlù, ọmọ ahunṣọ ń ká òwú fún ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń sanwó fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé inú agbolé kan náà ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun. Nígbà tí iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ mẹkáníìkì dé, tí wọn kì í ṣe ti ìdílé kankan, ni àṣà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Òbí yóò mú ọmọ rẹ̀ tọ ọ̀gá lọ. Wọn yóò kọ ìwé àdéhùn. Onígbọ̀wọ́ yóò fọwọ́ sí i. Wọn yóò san owó ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ náà yóò sì sin ọ̀gá fún iye ọdún tí wọ́n dá. Ní ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira, yóò tún náwó: owó ọ̀gá, owó ẹgbẹ́, oúnjẹ àti ọtí fún àwọn tí ó wá bá a yọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àṣà yìí ṣe rinlẹ̀ tó lè ka àpilẹ̀kọ tí Archibald Callaway, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1964 nínú Odù, ìwé àtìgbàdégbà Yunifásítì Ifẹ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ní irú àṣà bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1563 pàṣẹ pé ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lo ọdún 7 lọ́dọ̀ ọ̀gá; oúnjẹ àti ibi ìsùn ni ó ń rí gbà, òbí rẹ̀ sì sábà máa ń san owó. Ti àwọn Ìgbò yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ọmọ tí ń kọ́ òwò kì í sanwó, ọ̀gá ni yóò fún un ní owó tí yóò fi dá tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó bá sìn tán. Ní Jámánì, òfin ọdún 1969 mú un lọ síwájú sí i: ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ń bá ilé iṣẹ́ ṣe ìwé àdéhùn, ó ń gba owó lóṣooṣù, ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní apá kan nínú àkókò rẹ̀.

Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ọ̀nà yìí ní ọdún 1971, nígbà tí ìjọba ológun fi òfin dá Industrial Training Fund sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ITF. Ní ọdún 1973, ITF bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tí ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ kí wọn tó gba ìwé ẹ̀rí, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní IT. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ dá National Directorate of Employment sílẹ̀, ìyẹn NDE. Ẹ̀yin àgbà kò ní gbàgbé ọdún 1986, nítorí pé ọdún náà gan-an ni ìjọba fòpin sí Bọ́ọ̀dù Kòkó. Ohun tí ó parí ni gbogbo ilé gbọ́ ní Ìdànrè. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé etí ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ń fà á bọ̀ nìyí. Àṣà tí a bá dàgbà sọ fún wa pé ẹni tí ń kọ́ ni ó ń sanwó. Ètò tuntun sọ pé ẹni tí ń kọ́ ni a ń sanwó fún. Ọkàn wa kò tíì yí pa dà pẹ̀lú ètò. Nítorí náà, nígbà tí oníjìbìtì bá sọ fún ọ̀dọ́ kan pé kí ó mú 20,000 náírà wá kí wọ́n lè "ti orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn", kò ya ọ̀dọ́ náà lẹ́nu, kò sì ya ìyá rẹ̀ tí yóò ta àgbàdo san án lẹ́nu. Ó jọ owó ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjọba pàápàá ti dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí. Nígbà tí àjọ Immigration fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ní ọdún 2014, 1,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ olúkúlùkù ẹni tí ó béèrè. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀dọ́ jọ sí àwọn pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè fún ìdánwò. Ènìyàn tí kò dín ní 15 ni ó kú nínú ìtìpa-títì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú ń wá ohun kan náà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síbí ń wá.

Ibi Tí A Ti Lè Rí I

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó sún mọ́ wa jù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi ṣòfò, ìyẹn IT. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ SIWES sábà máa ń lo oṣù 6 ní ibi iṣẹ́. Ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí ND ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, bí irú èyí tí ó wà ní Ọ̀wọ̀, tún ní ọdún kan tí ó yẹ kí ó fi ṣiṣẹ́ kí ó tó pa dà fún HND. Ilé ẹ̀kọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń wá ibi tí yóò lọ. Kí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe? Wọn a lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó bá wọn fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọn a sì jókòó sílé. Ọdún kan gbáko ti lọ! Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá ń sọ lẹ́yìn náà pé òun kò ní ìrírí, òótọ́ ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún un ní àǹfààní ìrírí náà rí.

Owó tí ITF ń san fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kò tó nǹkan, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń fi tirẹ̀ kún un, òmíràn kì í fi nǹkan kan kún un. Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀dọ́ mọ̀ ni òfin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ITF ṣe ní ọdún 2011, agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí iye òwò rẹ̀ lọ́dún tó 50 mílíọ̀nù náírà, gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò ITF nítorí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Òfin náà sì retí pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá rán wá. Nígbà tí ọmọ Ìdànrè kan bá kan ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni ó lọ bẹ̀. Bí ó bá mọ èyí, ohùn tí yóò fi sọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. N óò pa dà sórí ọ̀rọ̀ ohùn yìí.

Èkejì ni NDE. Ó ní ọ́fíìsì ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti wa sì wà ní Àkúrẹ́. Àwọn tí kò lọ sí yunifásítì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀, nítorí pé láti ọdún 1987 ni NDE ti ń ṣe ètò kan tí ó bá àṣà wa mu lọ́nà tí ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ń mú ọ̀dọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní àdúgbò, ọ̀gá yìí kan náà tí òbí ìbá mú un lọ bá, ṣùgbọ́n NDE ni yóò san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá, yóò sì máa fún ọmọ náà ní owó àjẹmọ́nú. Wọ́n tún ní ọkọ̀ tí wọ́n kó irinṣẹ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n ń wà lọ sí ìgbèríko láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Fún àwọn tí ó ti gboyè, ètò wà tí ń fi wọ́n sí ilé iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ pẹ̀lú owó àjẹmọ́nú. Àyè wọn kì í pọ̀, wọn kì í sì í polówó bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá jókòó sí Ìdànrè tí ó ń retí pé ìròyìn yóò wá bá òun yóò dúró pẹ́. Kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, kí ó béèrè ìgbà tí wọn yóò tún gba ènìyàn, kí ó sì fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ètò ńlá tí ń bá ìjọba wá, tí wọ́n sì sábà máa ń bá ìjọba lọ. Ní ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan lábẹ́ SURE-P tí ó ń fi àwọn tí ó ti gboyè sí ilé iṣẹ́ fún ọdún kan. Ìjọba náà lọ ní ọdún 2015, ètò náà sì bá a lọ. Ní ọdún 2016 ni N-Power dé. Àwọn tí ó gboyè ń gba 30,000 náírà lóṣù. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2018, wọ́n ti gba 500,000 ọ̀dọ́ sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n dá a dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ àti àjọ UNDP gbé ètò Jubilee Fellows kalẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa fi 20,000 tí ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ sí ibi iṣẹ́ lọ́dọọdún, fún oṣù 12.

Mi ò ka ìtàn yìí fún yín kí ọkàn yín lè rẹ̀wẹ̀sì. Mo kà á kí ẹ lè rí ìrísí rẹ̀. Irú ètò báyìí máa ń dé lójijì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń gba orúkọ. Ọjọ́ orí sì ní òdiwọ̀n, ọdún 35 ni ti N-Power, ọdún 30 ni ti Jubilee Fellows. Ọmọ ọdún 29 tí ètò kan bá fò dá lè má rí òmíràn mọ́ láé. Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìkéde.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, bí Nigerian Breweries àti Dangote, àti àwọn báǹkì, náà máa ń gba àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, wọn a kọ́ wọn ní iṣẹ́, wọn a sì máa san owó oṣù fún wọn. Ìdánwò ibẹ̀ le, àwọn tí ń béèrè sì pọ̀ bí eéṣú. Ẹ gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìrètí kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá wá rí ìkéde kan, báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Ẹ béèrè ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé lẹ́ẹ̀kan: ta ni ń sanwó fún ta? Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánwò, owó aṣọ tàbí owó "ìfọwọ́sí", ẹ jáwọ́. Ẹ tún wo orúkọ ojú ewé tí wọ́n ní kí ẹ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ilé iṣẹ́ ìjọba máa ń parí sí gov.ng, àwọn oníjìbìtì a máa kọ orúkọ tí ó jọ ọ́, wọn a wá fi nǹkan mìíràn parí rẹ̀. Owó kan ṣoṣo tí kò sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́ ni èyí tí ẹ ó san fún ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ lò, àti owó ọkọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ Orúkọ

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣubú nìyí kí ẹnikẹ́ni tó ka lẹ́tà wọn.

Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ọmọ kì í ṣe ẹyọ kan. Baba sọ ọ́, ìyá sọ ọ́, ìyá àgbà sọ ọ́, ó ní oríkì, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un tàbí wọ́n fún un ní orúkọ mùsùlùmí. Ọlá ni ó jẹ́ fún ọmọ pé ènìyàn púpọ̀ ni ó ni ín. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń jẹ́ Akínfọlárìn. Nínú ìwé ìbí, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ kọ ọ́ ní "Akinfolarin". Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ gé e kúrú sí "Akin". Nígbà tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, ó fi "Joseph" ṣáájú. Ní báǹkì, ó fi orúkọ baba àgbà rẹ̀ ṣe orúkọ ìdílé, nítorí pé orúkọ náà ni gbogbo ìlú fi mọ ilé wọn. Nígbà tí ó lọ gba NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ fo lẹ́tà kan. Lójú wa tí a mọ̀ ọ́n, ẹnì kan ṣoṣo ni. Lójú ẹ̀rọ tí ń fi ìwé kan wé èkejì, ènìyàn márùn-ún ni, kò sì sí èyí tí ìwé rẹ̀ pé nínú wọn.

Ẹ̀rọ kì í kí ènìyàn, kì í béèrè "ọmọ ta ni ọ́?" Kíkọ̀ ni yóò kọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn, ìyà tí ó burú ju ìyẹn lọ ni yóò jẹ: wọn yóò gbà á, yóò ṣiṣẹ́, owó kò sì ní wọ àkáǹtì rẹ̀ nítorí pé orúkọ àkáǹtì kò bá ti fọ́ọ̀mù mu.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kó gbogbo ìwé ọmọ yín sórí tábìlì kan: ìwé ìbí láti ọwọ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé tí ó fi hàn pé ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tàbí pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, NIN, àti BVN ti báǹkì. Ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu, ẹ kọ́kọ́ tún ti NIN ṣe, nítorí pé òun ni àwọn yòókù ń wò. Ìyàtọ̀ kékeré, ìwé ìbúra ní kóòtù lè tó o. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ yí pa dà pátápátá, bí ti obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, wọn a tún máa béèrè ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Gbogbo èyí ń gba àkókò. Kò ṣe é ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ìkéde bá jáde.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé kí a wá pa orúkọ wa tì nítorí ẹ̀rọ ni? Rárá o. Kí a mú ọ̀kan ṣe ti ìwé, kí a sì máa jẹ́ gbogbo rẹ̀ nílé.

Lẹ́tà Náà

Mo ti dé ibi iṣẹ́ mi wàyí. Ní ilé ẹ̀kọ́, a kọ́ yín ní lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́. A kọ́ yín ní ibi tí àdírẹ́sì ń wà àti ibi tí ẹ ó ti fọwọ́ sí i. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ yín ni ẹni tí yóò ka lẹ́tà náà, bẹ́ẹ̀ kò sí iṣẹ́ lítíréṣọ̀ kan tí a lè ṣe láìro ti òǹkàwé.

Àṣà wa ni pé bí a bá lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a ó kí i, a ó kì í, a ó rẹ ara wa sílẹ̀, a ó sì sọ ìṣòro wa kí àánú lè ṣe é. Àṣà náà dára ní ààyè rẹ̀. Èyí ni ó ń bí irú lẹ́tà tí mo ti kà lọ́pọ̀ ìgbà, tí mo tún sọ ní ọ̀nà tèmi báyìí:

"Pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn ni mo fi kúnlẹ̀ níwájú ilé iṣẹ́ yín tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Ọmọ aláìní ni mí, èmi sì ni àkọ́bí. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́, n kò rí iṣẹ́ kankan. N kò ní ìrírí, ṣùgbọ́n mo lè ṣe iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá fún mi. Ọlọ́run yóò san án fún yín."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, bóyá. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tí ó ní 300 lẹ́tà níwájú rẹ̀ tí àyè 10 sì ń bẹ. Kí ni ó mọ̀ nípa ọmọ yìí lẹ́yìn tí ó kà á tán? Ó mọ̀ pé ìyà ń jẹ ẹ́. Àwọn 299 yòókù náà, ìyà ń jẹ wọ́n. "Mo lè ṣe iṣẹ́ yòówù" kò fi ibi kan hàn tí a lè fi í sí. Gbólóhùn tí ó sì dùn mí jù ni "n kò ní ìrírí", nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé irọ́ ni ní gbogbo ìgbà, pàápàá jù lọ lẹ́nu ọmọ Ìdànrè.

Ta ni nínú yín tí kò tí ì bá wọn fọ́ kòkó rí? Ta ni kò mọ̀ pé bí a bá kó o jáde nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, òórùn rẹ̀ kò ní dára, tí a bá sì di í sínú àpò kí ó tó gbẹ, yóò bu? Ta ni kò dúró ti òṣùwọ̀n rí, tí ó ń wo ọwọ́ ẹni tí ń rà á kí ó má baà rẹ́ wa jẹ? Ẹni tí ó bá ti kọ iye àpò sílẹ̀ fún baba rẹ̀ ní sáà mẹ́ta, tí ó sì mọ̀ pé àpò 16 ni ó ń wọ tọ́ọ̀nù kan, ti ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ ìṣirò owó àti iṣẹ́ àyẹ̀wò ọjà. Ẹni tí ó ń kọ owó àjọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin ọjà ogún ti ṣe iṣẹ́ báǹkì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí ń tún fóònù ṣe fún àwọn ará kámpù láìgba owó, gbogbo wọn ni ó ní ohun tí wọ́n lè wí. Ẹ wo lẹ́tà kejì, tí èmi náà kọ fún àpẹẹrẹ:

"Mo gba ìwé ẹ̀rí ND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó. Mo ń béèrè fún àyè ìkọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó yín fún ọdún kan. Láàárín sáà kòkó mẹ́ta, èmi ni mo ń kọ ìwọ̀n àti owó gbogbo kòkó tí ilé wa tà, mo sì rí àṣìṣe méjì nínú ìṣirò ẹni tí ń rà á lọ́wọ́ wa, tí ó sì dá owó náà pa dà. Mo mọ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ bí ilé iṣẹ́ ńlá ti ń ṣe é. Ẹni méjì tí ó lè jẹ́rìí iṣẹ́ mi ni mo kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀."

Gbólóhùn rẹ̀ kéré. Kò kúnlẹ̀, kò sì gbéraga. Ó sọ ohun tí ó ti ṣe, ibi tí ó fẹ́ wà, iye àkókò tí ó fẹ́ lò, àti ohun tí ó fẹ́ kọ́. Ẹni tí ó bá kà á yóò fẹ́ béèrè nípa àṣìṣe méjì yẹn; ìbéèrè náà ni yóò sì gbé ọmọ náà dé iwájú wọn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́, mo mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ rò ó ní Yorùbá kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì gígùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ sórí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ má ṣe da lẹ́tà ẹlòmíràn kọ pẹ̀lú. Mo ti rí lẹ́tà tí orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì wà ní ìlà kẹta rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Onígbọ̀wọ́ tí ó ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn télọ̀ láyé àtijọ́ náà ni. Ìṣìnà tí mo ń rí ni pé ẹni tí ó tóbi jù ní ìlú ni ọ̀dọ́ fẹ́ kọ, bí olóyè tàbí olóṣèlú tí kò mọ ojú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ kọ: olùkọ́ yín, ọ̀gá tí ẹ bá ṣe IT, akọ̀wé ẹgbẹ́ alágbẹ̀ kòkó. Kí ẹ sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà Tí Wọ́n Bá Gbà Yín

Ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: oṣù mélòó ni? Èló ni, ta ni yóò sì san án, ilé iṣẹ́ tàbí ìjọba? Ta ni yóò kọ́ mi, kí ni n óò sì lè ṣe nígbà tí mo bá fi parí? Ìbéèrè wọ̀nyí kò tàbùkù ọ̀gá. Òbí tí ó mú ọmọ lọ bá télọ̀ ní ọdún 1950 béèrè gbogbo wọn. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ó jẹ́ pé omi ni wọ́n ń rán yín pọn láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ fi sùúrù tọ ẹni tí ó gbà yín lọ, ẹ fi lẹ́tà tí ó gbà yín hàn án. Kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ kọ́ lójoojúmọ́ sí. Owó àjẹmọ́nú lè pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà ní N-Power ni ó retí owó oṣù mélòó kan títí lẹ́yìn tí ètò náà ti dúró. Ẹni tí ó ní ìwé kékeré yẹn lọ́wọ́ ní nǹkan tí yóò kọ sínú lẹ́tà tí ó kàn. Ẹni tí owó nìkan ni ó ń retí kò ní nǹkan kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin àgbà ìlú ni ó sì wà fún. Àwọn ọmọ tí ó wà ní Òdòdé àti Àlàdé lè rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Àwọn tí ó wà ní àwọn kámpù inú oko kòkó kò rí i, nígbà tí wọ́n bá sì fi wá sílé ní ìparí oṣù, àkókò ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá. Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n yan òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti máa lọ sí ọ́fíìsì NDE àti ti ITF ní Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó béèrè ohun tí ó wà, kí ó kọ ọ́ ní Yorùbá sórí bébà kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí àti ìwé tí wọ́n ń fẹ́. Kí wọ́n lẹ bébà náà mọ́ ara ògiri ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ibùdókọ̀ tí àwọn ọkọ̀ kámpù ti ń gbéra. Àwọn awakọ̀ yóò gbé ìròyìn náà wọ oko. Ẹ̀ka wa ti ṣe tán láti bá yín wo Yorùbá inú rẹ̀ láìgba owó, bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí wa.